Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè

Ẹ má retí pé n ó dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Kì í ṣe pé mo ti gbàgbé wọn o, orí mi ṣì pé. Ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó ilé kì í sì í pe àwọn ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó bá lórí ẹní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ gbangba, wọ́n ní ọ̀làjú ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi kò tíì là tó wọn.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, òyìnbó kò tíì pẹ́ ní àgbègbè wa. Ọ̀nà tó ti Òsì lọ sí Ìlọfà, àwọn ọkùnrin wa ni ìjọba kó jáde láti là á, kùkùté igi ṣì pọ̀ láàrin rẹ̀ tí ń gbá èèyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn òyìnbó oníwàásù kan kọ́ ilé ìwòsàn sí Òsì, ilé alámọ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi koríko bò lórí, wọ́n ní àwọn ń wá obìnrin tó mọ̀wé díẹ̀ kí àwọn kọ́ ọ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀wé díẹ̀. Mo ti kọ́ ọ nílé ìsìn kí wọ́n tó gbé mi níyàwó lọ sí Ìlọfà, mo sì lè ka Bíbélì bí ẹnikẹ́ni kò bá kán mi lójú. Ọkọ mi ní kí n lọ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kò sí wàhálà lára wọn. Bí wọ́n bá ti rí iṣu jẹ, ayé wọn pé.

Àwọn ẹbí ló fàáké kọ́rí. Wọ́n ní níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ rí, kí ìyàwó fi ilé ọkọ sílẹ̀ kó lọ máa fọ egbò ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá ọkọ mi ló bá mi yanjú rẹ̀. Obìnrin kúkurú ni wọ́n, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dákẹ́ wò ọ́, wàá rántí gbogbo ohun tí o ti ṣe láti kékeré. Ìyá Àgbà ni gbogbo agbo ilé ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ìyàwó. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ìwé ti gùn ọ́ débi pé o ń fi ẹnu rẹ pe orúkọ àwọn ọkọ rẹ, bí ẹni pé ìwọ lo bí wọn, ọjọ́ náà ni kí o di ẹrù rẹ padà wá sídìí ààrò.” Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ta ni n ó tilẹ̀ máa pè ní Òsì? Ìlọfà ni gbogbo wọn wà.

Sáà àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Mo fọ ilẹ̀, mo se aṣọ egbò, mo da omi ẹlẹ́gbin nù, mo sì bá gbogbo ènìyàn jà, nítorí n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé obìnrin kan wá láti Ìsólò-Ọ̀pin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà débi pé àwọn ará ilé rẹ̀ kì í fẹ́ jókòó tì í. Èmi ni wọ́n ní kí n máa fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀, mo fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, mo ń ṣépè fún egbò náà lábẹ́ ẹnu. Ó jinná. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti ìlú rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí òpònú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn, àfi kó kọ́kọ́ pa mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sáà kejì. Mẹ́fà la jọ bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ti sá lọ, ọ̀kan nítorí ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan nítorí ọkọ, méjì nítorí oúnjẹ. Ó ku èmi àti ọmọbìnrin kan láti Eruku, ó ga, ohùn rẹ̀ nípọn bí ti ọkùnrin, kò sì sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Mísì, bẹ́ẹ̀ là ń pe òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wa, mú àwa méjèèjì jókòó, ó ka iṣẹ́ sáà tuntun sí wa létí. Yorùbá tó kọ́ nínú ìwé ló ń sọ, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì fo ìkankan. Egungun ara ènìyàn lé ní igba, a ó mọ gbogbo rẹ̀. Oríṣiríṣi ni ọ̀nà tí a ń gbà di egbò, a ó mọ gbogbo rẹ̀. A ó sì máa fi ọmọ tí wọ́n fi àkísà rán kọ́ bí a ṣe ń gbẹ̀bí, láti inú agbọ̀n. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, ọ̀rẹ́ mi fa ọmọ àkísà jáde, ó kí agbọ̀n kú ewu ọmọ, ó sì béèrè ibi tí iyán ìkómọ wà. Mísì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó dá ọmọ padà sínú, kó tún un bí.

Ó wá ní nǹkan kan ló kù. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ sáà yìí, a ó máa gbé oògùn lọ sí ìlú kan láti tọ́jú àwọn tí kò lè rìn dé Òsì. Ọ̀rẹ́ mi, tí ìkọ̀wé rẹ̀ ṣeé kà, ni yóò máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú ìwé, pẹ̀lú ohun tó ń ṣe wọ́n. Èmi, tí ohùn mi ròkè, ni yóò máa pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè pé ìlú wo ni. Ó ní Ìlọfà. Inú mi dùn, mo ní n ó máa rí ọkọ mi. Mo ti jẹun tán, mo ti fọ abọ́, kí n tó rántí àwọn tí n ó máa pè.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ pé. A gbé àpótí oògùn rù, a rìn títí a fi dé Ìlọfà. Wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà dè wá, yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí Mísì wọ̀ lọ jókòó. Mo gbójú sókè. Ilé ọkọ mi ló kún ìdajì àtíbàbà. Kì í ṣe pé àìsàn pọ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀, ìyàwó wọn tó wọ aṣọ funfun ni wọ́n wá wò. Mo ṣí ìwé. Ẹni tó wà lókè pátápátá ni àbúrò ọkọ mi kan tí kò tíì pààrọ̀ eyín, tí aràn ń dà láàmú. Ọmọ tí mo máa ń nu imú fún ni. Ṣùgbọ́n ó ti wà láyé kí n tó wọlé, ọkọ mi ni.

Mo wúkọ́. Mísì ní kí n pè é. Mo tún wúkọ́. Ó bi mí bóyá èmi ni kí òun kọ́kọ́ tọ́jú. Mo wá fi orúkọ tí èmi sọ ọmọ náà pè é, nítorí ẹni tí kò gbọdọ̀ pe orúkọ gbọ́dọ̀ kúkú rí nǹkan pè. Mo ní, “Bàbá Kékeré.”

Ènìyàn mẹ́ta dìde.

Ẹ̀bi mi kọ́. Kò sí ìyàwó tó wọ agbo ilé yẹn tí kì í sọ ọmọkùnrin kan ní Bàbá Kékeré, orúkọ náà kì í sì í kúrò lára wọn bí wọ́n bá dàgbà. Ọmọ tó ní aràn dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí eéwo ń dùn dìde. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, tí ara rẹ̀ le koko, tó kàn sin ìyàwó rẹ̀ wá, òun náà dìde, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n pe òun. Àwọn méjì yòókù rí i pé ẹ̀gbọ́n ni, wọ́n bì sẹ́yìn fún un. Ó wọlé. Mísì wo ìwé, ó rí aràn níbẹ̀, ó wo bí ọkùnrin náà ti tóbi tó, ó sì bu òróró lárà tí ń fọ inú fún un ní ìwọ̀n ara rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní eléyìí kọ́, wọn yóò ní ta ni, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí n tó rò ó tán, onírùngbọ̀n ti gbé òróró mu, ó ti tẹríba dúpẹ́. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tó fi mu ún, ó ní òun rò pé bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ṣe ń ṣe àlejò. Inú igbó ló wà títí oòrùn fi wọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó wá gba oògùn ojú, dá nìkan lọ sílé.

Ojú ọ̀nà ni Mísì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí.

“Ṣé ọmọ náà ní orúkọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mísì.”

“Ṣé o mọ orúkọ náà?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Mísì.”

“Ṣé ẹnu ń dùn ọ́?”

“Rárá, Mísì.”

Mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ mi ni wọ́n. Ó dúró láàrin ọ̀nà, ó bi mí pé ọkọ mélòó ni mo ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó wá lọ́jọ́ náà, mo kà dé mẹ́tàdínlógún, ojú rẹ̀ yí padà, mo wá rí i pé mi ò ṣàlàyé náà dáadáa. Nígbà tó yé e tán, ó ní, “Oògùn kò mọ àṣà. Bí a bá fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, ó lè pa á. Bí ó bá sì kú, ọ̀wọ̀ tí o bọ̀ fún un kò ní jí i.” Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé òun ti rí ọgbọ́n dá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kejì, bó ti kọ orúkọ tán, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Èmi kọjú sí Mísì nínú yàrá, mo ń la ẹnu. Òun kọjú sí àwọn ènìyàn, ó ń pè. Àwọn ará ilé ọkọ mi rí ẹni tó ń pè, Mísì rí ẹni tó ń la ẹnu, inú kálukú dùn. Mísì tilẹ̀ ní òtútù ti mú mi, pé ohùn mi ti nípọn. A pe ènìyàn márùn-ún báyìí. Ẹnì kẹfà dìde, aṣọ rẹ̀ kọ́ àpótí, ó fẹ́ ṣubú, ó di irùngbọ̀n ẹlòmíràn mú. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mísì wò mí, mo pa ẹnu dé pinpin, síbẹ̀ ẹ̀rín ọkùnrin ń jáde lára mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọ̀rẹ́ mi fi dá se aṣọ egbò.

Ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀ kẹta, tèmi ni mo dá, tèmi sì burú ju tirẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé inú ìwé gan-an ni kó ti kọ orúkọ tí àwa ìyàwó ń pè wọ́n. A tò wọ́n sórí ìlà kí wọ́n má baà tún dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mísì dúró tì mí pẹ̀lú ojú lílekoko, ó ń wo ìwé, ó ń gbọ́ ẹnu mi. Adúmáadán. Eyínfúnjowó. Bàbá Kékeré. Adúmáadán. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo pè, ohun tí mo pè ló dìde. Mísì ní mo ti ń gbìyànjú. Mo mi orí, mo rìn padà sí Òsì bí ẹni tó gba ilẹ̀.

Ìgbà tó ń da ìwé náà kọ sínú ìwé ńlá ni Mísì sáré wá bá wa nílé ìdáná. Ó ní obìnrin kan wà ní Ìlọfà tó ń kú lọ. A ní ta ni. Ó ní Adúmáadán. Ó ní obìnrin yìí ní eéwo lábíyá, inú ń ṣe é gbuuru, eyín ń dùn ún, ó lóyún oṣù méje, ó sì tún ń fún ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá lọ́mú, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu ni pé ó ṣì lè rìn. Ó tún ní òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe fún Bàbá Kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín tó sì ti ní ìpá.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nígbà náà. Mi ò jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mísì ní kí gbogbo ìjọ dìde dúró fún Adúmáadán. Wọ́n dìde. Àgbàlagbà kan gbàdúrà gígùn, ó bẹ Ọlọ́run pé kó wo arábìnrin wa tí ìyà pọ̀ lára rẹ̀, ó sunkún níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti ki etí gèlè bọ ẹnu. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Mísì ń wá ọkùnrin mẹ́rin tí yóò fi ibùsùn lọ gbé obìnrin náà wá, ni mo bá wólẹ̀ fún un, mo ní Mísì, kò sí ẹni tí ń kú, Adúmáadán márùn-ún ni wọ́n, gbogbo wọn ló dúdú.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ tí bàbá oníkálukú sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni kí ọ̀rẹ́ mi kọ, kò gbọdọ̀ gba òmíràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi ni n ó fi ẹnu ara mi pè wọ́n, láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. “Ọwọ́ rẹ dára,” ó ní. “Mi ò tíì rí ọwọ́ tó dára tó o níbí. Ṣùgbọ́n bí o bá fo orúkọ kan ṣoṣo, ní Ẹtì kí o máa lọ sílé ọkọ rẹ.”

Ṣé ẹ rí i. Bí mo bá pè wọ́n, Ìyá Àgbà yóò mú mi kúrò. Bí mi ò bá pè wọ́n, Mísì yóò lé mi. Mo jókòó ti ìkòkò aṣọ egbò, mo rò ó títí, mo ń bínú sí gbogbo ẹni tó ní orúkọ láyé. Kì í ṣe pé mo kórìíra ilé ọkọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi lè ṣe ohun kan, mi ò sì lè padà lọ jókòó bí ẹni tí kò mọ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tọrọ àyè láti lọ wo ọkọ mi, mo lọ sí Ìlọfà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé dé ojúlé, mo ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ àwọn ọkọ mi pé kí wọ́n má ṣàìsàn ní Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣe é ní Ọjọ́rú. Kí wọ́n ṣe é ní Ẹtì. Wọ́n gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀kan ní àfi kí n pọn omi kún ìkòkò òun. Ọ̀kan ní eéwo kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá rí ẹ̀kùru jẹ, bóyá. Àbúrò ọkọ mi tó ní aràn ní kí n pọn òun yí agbo ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo pọ̀n ọ́n. Onírùngbọ̀n nìkan ni kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní bí ikú bá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kó bá òun lórí ẹní òun, òun kò tún ní gba àlejò òyìnbó mọ́.

Ìyá Àgbà ni mi ò bẹ̀. Wọn kì í lo oògùn òyìnbó, ewé tí wọ́n bá já fúnra wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ yẹn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ọjọ́bọ̀ pé. A dé abẹ́ àtíbàbà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnì kan láti ilé ọkọ mi. Àwọn ará abúlé ló kún ibẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò, àwọn ará àdúgbò kejì. Àwọn ìyá arúgbó mélòó kan jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n faṣọ bo orí nítorí ọyẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Mísì jókòó tì mí, ó ní, “Ó yá.”

Mo pè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà ní ìlú yẹn, èmi tí ohùn mi ròkè, ni mo ti ń rìn yí orúkọ àwọn ènìyàn ká bí ẹni ń yẹra fún ẹ̀gún. Mo wá ń pè wọ́n gbangba. Mo pe orúkọ, ènìyàn dìde. Mo pe òmíràn, òmíràn dìde. Ó dé ibì kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa orúkọ gùn láti lè gbádùn rẹ̀. Mísì ń mi orí. Mo dé orúkọ kẹsàn-án, orúkọ obìnrin kan, orúkọ àtijọ́ tó dára, tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Ìlọfà. Mo ní àlejò nìyí. Mo pè é.

Kò sí ẹni tó dìde. Mo tún un pè. Mísì wò mí, ó wo ìwé. Mo rí sáà mi tó ń bọ́ lọ lójú mi nítorí arúgbó kan tí etí rẹ̀ di, inú sì bí mi, inú tó bí mi kò ṣeé sọ. Mo dìde dúró, mo gbé ọwọ́ lé ìdí, mo fi gbogbo ohùn mi pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní, “Ṣé o kò gbọ́ ni? Àbí o rò pé a kò níṣẹ́ ṣe? Ta ló bí irú rẹ tí a ń pè tí kì í dáhùn?”

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó fi ewé kókò di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bó ti ń bọ̀, aṣọ yẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà ni.

Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe àwọn, ó ní Mísì kò gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ tí bàbá yín sọ yín ni. Wọ́n sọ ọ́ fún un. Èmi náà, níbo ni n ó ti mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ pè é, àwọn ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é, gbogbo àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ ní ilé bàbá wọn ti kú tán. Mo ti lo ọdún mẹ́rin nínú ilé kan náà pẹ̀lú obìnrin náà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wà lórí eékún kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn, ẹní, abọ́, aṣọ funfun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà dé iwájú mi, wọ́n dúró, wọ́n dákẹ́ wò mí. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà ń gbọ́.

“Tún un pè,” wọ́n ní.

Mo ní ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ forí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

“Mi ò bi ọ́ bóyá o mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi, ẹnìkankan kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí o kọ́kọ́ pè é, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo ń wá ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo ní irọ́ ni. Ìgbà tí o wá fi ìbínú pè é.” Wọ́n fi ọ̀pá gún ilẹ̀ díẹ̀. “Bí ìyá mi ṣe máa ń pè é nìyẹn. Mo máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn. Tún un pè.”

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo pè é. Ohùn mi kò ròkè. Wọ́n dáhùn, “Hùn-ùn,” kì í ṣe ohùn Ìyá Àgbà tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, ohùn ọmọdébìnrin kan ni, tí wọ́n pè láti ibi eré. Omi ń bọ́ lójú wọn. Ó ń bọ́ lójú èmi náà. Mísì ní ṣé ẹni yìí ní àìsàn ni, àbí kò ní, pé ènìyàn ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀gún ló wọ ẹsẹ̀ wọn, ewé tí wọ́n já kò ràn án, ó sì ti di ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n níbẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Wọ́n ń sọ fún mi lórí àpótí pé èmi kò mọ bí a ti ń fọ ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n pe gbogbo agbo ilé jọ, wọ́n ní ní Ọjọ́bọ̀ abẹ́ àtíbàbà, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí, kó máa pe kálukú lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má ṣàìsàn. Bí mo bá sì ti bọ́ aṣọ funfun, kí n tún ẹnu mi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ náà parí.

Ẹsẹ̀ wọn san kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí sáà yẹn fi tán, wọ́n ń wá. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi kọ orúkọ wọn sínú ìwé, wọ́n á lọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa dúró. Mísì bi mí pé kí ni òun yóò kọ sí iwájú orúkọ obìnrin yìí, nígbà tí kò sí ohun tí ń ṣe é. Mo ní kó kọ ẹsẹ̀. Bí mo bá pè wọ́n, wọn kì í dáhùn ní ìpè kìn-ín-ní, wọn kì í dáhùn ní ìkejì. Àfi bí mo bá bínú.